Lẹ́tà Ṣíṣí sí NASENI: Ẹ Má Fi Ojú Gíláàsì Sílẹ̀ fún Ẹlòmíràn

Sí ẹ̀yin alákòóso NASENI, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ, ní Abùjá, àti ẹ̀yin ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ẹ̀ka yín tó wà nílẹ̀ Yorùbá, EMDI tó ń ṣèwádìí èròjà iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́ àti PEDI tó ń ṣe àwòṣe ẹ̀rọ ní Iléṣà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àforítì. Láti 1992 tí wọ́n ti dá àjọ yín sílẹ̀ ni ẹrù ńlá ti wà léjìká yín, pé kí Nàìjíríà lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ àti èròjà tí àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń lò. Lórí ẹrù yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín. Mo kọ ọ́ sí gbangba kí àwọn tí a jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lè kà á, kí wọ́n sì fi tiwọn kún un.

Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń to pánẹ́ẹ̀lì sólà ní Karshi lẹ́bàá Abùjá. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń to nǹkan, ohun tí wọ́n bá kó fún un ló ń tò. Sẹ́ẹ̀lì, gíláàsì, awọ ẹ̀yìn, férémù, ẹlòmíràn ti pinnu bí gbogbo rẹ̀ yóò ṣe rí kó tó dé ọwọ́ yín. Nínú gbogbo wọn, ọ̀kan wà tí mo gbà pé a lè gbà sọ́wọ́ ara wa kíákíá ju ìyókù lọ. Òun ni ojú gíláàsì, ibi tín-ín-rín tó kọ́kọ́ ń pàdé oòrùn, òjò àti eruku. Kí ẹ sì mú ojú àwọn ohun èlò rọ́bà tó ń jáde nínú mọ́ọ̀dù mọ́ ọn, nítorí ìmọ̀ kan náà ló gbé méjèèjì ró.

Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn báyìí. Kí n tó bọ́ sídìí rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ CD àti VCD ní Èkó ni mo wà, nídìí ẹ̀rọ tó ń ti rọ́bà yíyọ́ sínú mọ́ọ̀dù. Ìdí iṣẹ́ méjèèjì ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú gíláàsì lásán ná. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti inú afẹ́fẹ́ wá kàn án kì í wọlé tán. Bí oòrùn bá dúró gangan lókè, nǹkan bí 4% ló ń ta padà síta. Bí oòrùn bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n 60, ó di nǹkan bí 9%. Bó bá di ìwọ̀n 75, tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ tàbí tó fẹ́ ṣú, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà ló ń ṣòfò. Ẹni tó ṣe gíláàsì náà kò jẹ̀bi. Ìmọ́lẹ̀ ń yára nínú afẹ́fẹ́ ju inú gíláàsì lọ, ibi tí ìyípadà yẹn bá sì ti dé bá a lójijì ni apá kan rẹ̀ ti ń ṣẹ́rí padà.

A jẹ́ pé kí ìyípadà náà má dé lójijì ni ọ̀nà àbáyọ. Àfòpiná ti ń lo ọgbọ́n yìí kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n. Ní àwọn ọdún 1960, Carl Gustaf Bernhard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden fi maikirosíkóòpù alágbára wo ojú àfòpiná, wọ́n rí i pé gegele kéékèèké ló bò ó pátápátá, tí gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí 200 nánómítà lọ (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà). Irun orí ènìyàn kan nípọn tó nǹkan bí 70,000 nánómítà. Ẹ fi èyí wo bí gegele náà ti kéré tó. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa lè rí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 400 títí dé 700 nánómítà. Gegele àfòpiná kéré ju ìyẹn lọ, ìmọ́lẹ̀ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ tó ń di ojú díẹ̀díẹ̀ nìkan ló ń bá pàdé, kò sì rí ẹnu ààlà kankan tí yóò ti ṣẹ́rí. Ní 1973, Clapham àti Hutley ní National Physical Laboratory ní ìlú ọba fín irú ọnà bẹ́ẹ̀ fúnra wọn, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà sì lọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ.

Lórí ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì tí à ń rà lóde òní, ìbátan ọnà yìí ló wà níbẹ̀. Wọn kò fín in. Awọ sílíkà, èròjà tó wà nínú yanrìn, tó ní ihò wínníwínní ni wọ́n fi rólà pa sórí gíláàsì, tó nípọn tó nǹkan bí 120 nánómítà. Nítorí àwọn ihò yẹn, ìdajì gíláàsì ìdajì afẹ́fẹ́ ni lójú ìmọ́lẹ̀. Ààrò tí wọ́n fi ń tẹ́mpà gíláàsì náà kó lè le, tó gbóná ju 600°C lọ, ló ń sun awọ náà mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń sọ 4% yẹn di 2% tàbí kó tún dín sí i. Ẹni tó bá ní èyí kéré, kó ṣírò rẹ̀. Lórí pánẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì kan, 2% sí 3% jẹ́ wáàtì 11 sí 16, láìfi kún sẹ́ẹ̀lì, láìfi kún férémù, láìgba àyè kankan sí i lórí òrùlé.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí ló kàn. Ẹ gun òrùlé kan tí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti lo ọdún mélòó kan. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí oòrùn má ṣe ta sí yín lójú, kí ẹ wá wo gíláàsì náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ibi tí awọ náà ṣì wà yóò ní àwọ̀ búlúù tó fẹ́ẹ́ jọ ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò. Ibi tó ti ṣí yóò funfun ràkọ̀ràkọ̀, yóò sì máa dán. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí i pé ibi tó ṣí náà tẹ̀ lé ipa ọwọ́: ó lọ tìrìrì, ó padà, ó ká róbótó ní igun. Ọwọ́ ẹni tó fọ̀ ọ́ nìyẹn. Ìyàwó ilé tàbí ọmọ iṣẹ́ kan gbé kànrìnkàn onírin, ọṣẹ ìfọṣọ, nígbà mìíràn iyanrìn díẹ̀, ó sì fọ pánẹ́ẹ̀lì bí ìgbà tó ń fọ ìdí ìkòkò. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé nǹkan kan wà lójú gíláàsì yẹn. Kò sí lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, kò sí nínú ìwé tó bá a wá, ẹni tó tà á fún wọn pàápàá kò mọ̀. Mo ti rí i lórí òrùlé ilé ìwòsàn, ti ilé ìjọsìn àti ti ilé epo. Owó gọbọi ni wọ́n fi rà á, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn fọ apá kan owó náà dànù, láìṣẹ̀ láìrò.

Eruku ni wọ́n sì ń bá jà. Lójú tèmi, àárín eruku àti gíláàsì ni iṣẹ́ yín wà.

Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, ọyẹ́ ń kó eruku Sàháárà wá bá wa. Púpọ̀ rẹ̀ ń ti àfonífojì Bodélé ní Chad wá, ibi tó ń tu eruku jù lọ ní gbogbo ayé. Eruku náà kúnná lẹ́búlẹ́bú, ó sì ń bà sórí gíláàsì. Ní òwúrọ̀ kùtù, ìrì á sẹ̀ sórí rẹ̀, á sọ ọ́ di ẹrẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tí oòrùn bá yọ, ẹrẹ̀ náà á gan. Lọ́jọ́ kejì, eruku tuntun á bà lé e, ìrì tuntun á sẹ̀, títí tí yóò fi di èèpá tí omi lásán kò ní lè ṣí. Èyí ló ń mú àwọn ènìyàn gbé kànrìnkàn onírin. Ẹ má bá wọn wí.

Ilé iṣẹ́ òkèèrè ní ìdáhùn tiwọn sí ọ̀rọ̀ pánẹ́ẹ̀lì àti gíláàsì tó dọ̀tí. Pilkington ti ń ta gíláàsì fèrèsé kan láti 2001 tí wọ́n pa táítáníà (èròjà tó ń ti ara irin táítáníọ̀mù wá) tín-ín-rín sí lójú. Oòrùn ń mú kí táítáníà náà jẹ ìdọ̀tí, òjò á sì tẹ́ bẹẹrẹ lórí rẹ̀, á ṣàn án lọ. Ó dára púpọ̀ ní ibi tí òjò ń rọ̀ jálẹ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, níbo ni òjò wà?

Ìdáhùn kejì ni ti ewé. Ẹni tó bá ti dé oko rí mọ ewé kókò. Ẹ da omi sórí ewé kókò tútù, omi náà kò ní tẹ́. Yóò ká ara rẹ̀ jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, yóò yí gbirigbiri lọ sí ibi tí ewé ti tẹ̀, bí eruku bá sì wà lọ́nà rẹ̀, yóò gbé e lọ. Ní 1997, Wilhelm Barthlott àti Christoph Neinhuis ní Yunifásítì Bonn ní Jámánì gbé iṣẹ́ tó lórúkọ jáde lórí irú ewé báyìí. Wọ́n fi hàn pé gegele kéékèèké tí ìda bò ló ń gbé omi dúró lókè, tí afẹ́fẹ́ fi wà lábẹ́ ẹ̀kán omi náà. Láti ìgbà náà ni ayé ti ń ṣe àwòkọ rẹ̀ sára gíláàsì, aṣọ, ọ̀dà àti rọ́bà.

Ẹ wá fi àtàǹpàkò ra apá kan ewé kókò náà dáadáa, kí ẹ tún da omi sí i. Ibi tí ẹ rà yẹn yóò tutù rinrin, omi yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Ìda rẹ̀ ti lọ, àwọn gegele náà ti wó. Ewé lè tún ìda mìíràn hù, gíláàsì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá wá ta ọ̀dà olómi nínú ìgò fún yín, pé kí ẹ fín in sórí pánẹ́ẹ̀lì kó má fọwọ́ kan eruku mọ́ láéláé, ẹ bi í léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí eruku ọyẹ́, tó le bí yanrìn nítorí pé yanrìn náà ni, bá ti gbá a lójú fún ọyẹ́ mẹ́ta.

Ohun mìíràn tún wà tí n kì í gbọ́ kí wọ́n sọ. Ní Jámánì, pánẹ́ẹ̀lì máa ń dagun dáadáa, nǹkan bí ìwọ̀n 30 sí 35, nítorí oòrùn wọn kì í ga. Ẹ̀kán omi tó bá bọ́ síbẹ̀, ìdàgẹ̀rẹ̀ náà á fà á sọ̀kalẹ̀. Ní Ìbàdàn, a kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, ìwọ̀n 7 àti díẹ̀ péré ni sí àríwá. Ìwọ̀n 10 sí 15 ni a máa ń gbé pánẹ́ẹ̀lì sí. Ìrì tó bá sẹ̀ sórí rẹ̀ kò rí ibi tí yóò yí gbà, á dúró sójú kan, á gbẹ síbẹ̀, á fi eruku sílẹ̀ ní òrùka òrùka. Ojú gíláàsì tí wọ́n dán wò ní ibi tó dagun, tí òjò ti ń rọ̀, tí eruku rẹ̀ jẹ́ ti ọkọ̀ àti ti òdòdó, kò tíì sọ ohunkóhun fún wa nípa Ìlọrin ní oṣù kìíní.

Síbẹ̀, ọyẹ́ yìí kan náà ló jẹ́ kí ọnà àfòpiná yẹ wá ju bó ṣe yẹ àwọn mìíràn lọ. Nígbà ọyẹ́, oòrùn kì í ta gangan. Kùrukùru á tú ìmọ́lẹ̀ ká, gbogbo ojú ọ̀run ni yóò máa gbà wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò sì máa kan gíláàsì ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ìdàgẹ̀rẹ̀ yìí gan-an ni gíláàsì lásán ti ń pàdánù jù, ibẹ̀ sì ni gegele tí a fín ti borí awọ tí a pa. Mo gbà pé ìwádìí kan tó gbéṣẹ́ wà níbẹ̀ fún EMDI, tí kò sí ẹni ní Jena ní Jámánì tàbí Shanghai ní Ṣáínà tí yóò bá wa ṣe é, nítorí wọn kò ní ọyẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti rọ́bà, nítorí ibẹ̀ ni ìrètí mi pọ̀ sí jù.

Nígbà tí mo bá ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé a ti tẹ ọnà tó kéré ju ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ sára rọ́bà ní Èkó yìí rí, lójoojúmọ́, wọn kì í gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ni CD? Rọ́bà pólíkábónéètì ni, tó nípọn tó mìlímítà 1.2. Ojú rẹ̀ kan kún fún kòtò kéékèèké tí jíjìn wọn jẹ́ nǹkan bí 100 nánómítà tàbí kó lé díẹ̀, tí wọ́n tò tẹ̀ léra bí ìlà kan ṣoṣo tó ń ká lọ láti àárín dé etí, mìkíróònù 1.6 (ìyẹn nánómítà 1,600) sì ni ìlà kan fi jìnnà sí èkejì. Àwọ̀ òṣùmàrè tí gbogbo wa máa ń rí lẹ́yìn CD, àwọn kòtò yẹn ló ń fà á. VCD fíìmù Yorùbá, àwo fújì, ìwàásù, gbogbo rẹ̀ ni ó ní irú kòtò bẹ́ẹ̀. Òwò náà pọ̀ débi pé ní 2006, àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Nàìjíríà gbé ìlànà jáde pé ilé iṣẹ́ tó bá ń tẹ dísíìkì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. Àwo níkẹ́ẹ̀lì kan, tí kò nípọn tó ìdámẹ́ta mìlímítà, ni a ń so mọ́ inú mọ́ọ̀dù. Ojú rẹ̀ ni ọnà wà, ní òdìkejì. A óò yọ́ pólíkábónéètì títí tí yóò fi gbóná ju 300°C lọ, ẹ̀rọ á ti í wọlé, mọ́ọ̀dù á tẹ̀ ẹ́, omi tútù tó ń ṣàn nínú irin á mú un gan, yóò sì jábọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kòtò rẹ̀ tó lé ní bílíọ̀nù kan sì pé. Bí ẹyọ eruku kan bá wọ abẹ́ àwo níkẹ́ẹ̀lì náà, ojú dísíìkì á yọ gókè ní ibẹ̀, gbogbo èyí tó bá jáde á bàjẹ́. Bí omi tó ń tu mọ́ọ̀dù bá tutù jù, rọ́bà á gan kó tó wọ ìsàlẹ̀ kòtò, fíìmù á máa dúró láàárín. Àwọn tó wà nídìí rẹ̀ mọ èyí láti inú ọwọ́. Ẹ bá wọn ní àwo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jábọ́, wọ́n á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á yí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì sọ fún yín pé mọ́ọ̀dù ti tutù jù ní apá òsì.

Ọnà àfòpiná kò yàtọ̀ sí èyí ní ìpìlẹ̀. Ó kàn jin ju ti CD lọ, ó sì sún mọ́ra jù ú lọ ni. Nítorí náà, mọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ gbóná nígbà tí rọ́bà bá ń wọlé, kó tó wá tutù lẹ́yìn náà. Ìyẹn á mú kí ó pẹ́ díẹ̀ ju dísíìkì lọ, ó sì gba kí a fi nǹkan yọ̀ ojú níkẹ́ẹ̀lì náà kó má bàa fa ọnà ya nígbà tí rọ́bà bá ń jáde. Ìṣòro iṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo èyí, ó sì ní ojútùú. Láti 1995 tí Stephen Chou àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota ti fi hàn pé fífi mọ́ọ̀dù líle tẹ rọ́bà lásán lè fi kòtò tó kéré ju 25 nánómítà lọ síbẹ̀, kò tún sí ẹni tó lè sọ pé títẹ̀ kò tó fún iṣẹ́ yìí.

Kí ni a fẹ́ fi ṣe? Ẹ wo iná sólà òpópónà tó kún ìlú wa báyìí. Ìdérí pólíkábónéètì rẹ̀ ní ojú méjì, ojú kọ̀ọ̀kan sì ń dá nǹkan bí 5% ìmọ́lẹ̀ padà. Bátìrì kékeré tó wà nínú rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, ìdérí wá gba ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọnà bá ti wà nínú mọ́ọ̀dù, ìdérí kọ̀ọ̀kan tó bá ń jáde yóò máa jáde pẹ̀lú rẹ̀, láìsí ọ̀dà, láìsí kẹ́míkà, láìsí òṣìṣẹ́ mìíràn tí yóò tún fọwọ́ kàn án. Ó tún kan àwọn rọ́bà kéékèèké inú ohun èlò àyẹ̀wò ibà àti àtọ̀gbẹ, níbi tí bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ṣe ń tẹ́ lójú rọ́bà ti ń pinnu bóyá àyẹ̀wò náà yóò yọrí. Ilé iṣẹ́ rọ́bà pọ̀ ní Èkó àti ní Ògùn. Abọ́, àga àti ìdérí ìgò ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe, wọ́n sì ń figagbága lórí iye kọ́bọ̀. Ẹ fún wọn ní ojú tí ẹlòmíràn kò ní.

Ní ti gíláàsì, kò yẹ kí n máa sọ fún ará Àkúrẹ́ pé yanrìn funfun wà ní Ìgbòkòdá nínú ìpínlẹ̀ wọn níbẹ̀. Gíláàsì sólà kò fẹ́ irin nínú yanrìn rẹ̀, nítorí irin ló ń sọ gíláàsì di àwọ̀ ewé tó sì ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, nítorí náà fífọ yanrìn àti yíyẹ̀ ẹ́ wò ni ìgbésẹ̀ kìíní. Ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ gíláàsì ìgò ti wà ní Agbára ní Ògùn. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àlejò ni gíláàsì jẹ́ fún wa. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, Abídèmí Babalọlá àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó ju 12,000 jáde, pẹ̀lú àpáàdì ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2017. Gíláàsì náà ní èròjà tirẹ̀, tó yàtọ̀ sí ti àwọn ará Lárúbáwá àti ti Yúróòpù, nítorí òkúta àti yanrìn àdúgbò ni àwọn tó ṣe é lò. Wọ́n wo ohun tó wà nílẹ̀, wọ́n sì ṣe gíláàsì tó bá a mu. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń fẹ́ ní ṣókí, bí ẹni tó mọ̀ pé owó kì í tó.

Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ kankan, ẹ gbé gíláàsì síta. Ẹ to oríṣiríṣi ojú gíláàsì, lásán, aláwọ sílíkà, aláwọ táítáníà, èyí tí wọ́n fín, sórí pákó ní Àkúrẹ́, ní Iléṣà, àti ní ẹ̀ka yín ní Kano níbi tí eruku ti pọ̀ jù. Ẹ dagun rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe é lórí òrùlé gidi. Ẹ fi àwọn kan sílẹ̀ láìfọ̀, kí ẹ máa fi omi nìkan fọ àwọn kan, kí ẹ sì gbé kànrìnkàn onírin fún ẹnì kan kó fọ ìyókù bí ará ilé ṣe ń fọ̀ ọ́. Ẹ wọn iná tó ń wọlé lójoojúmọ́ fún ọyẹ́ méjì, ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé èsì náà jáde kí gbogbo ayé rí i, yálà ó dára tàbí kò dára. Wọ́n máa ń dán pánẹ́ẹ̀lì wò ní yàrá ìdánwò pẹ̀lú ooru 85°C àti ọ̀rinrin 85% fún wákàtí 1,000. Ìdánwò tó dára ni, ṣùgbọ́n kò ní eruku ọyẹ́, kò sì ní kànrìnkàn. Bí ẹ bá ní èsì tiyín lọ́wọ́, ẹ ó lè bá SON, àjọ tó ń ṣètò ìlànà dídára ọjà ní Nàìjíríà, jókòó, kí wọ́n fi ìdánwò eruku kún ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kó pánẹ́ẹ̀lì wọlé.

Fún PEDI ní Iléṣà, iṣẹ́ níkẹ́ẹ̀lì ni mo rí fún yín. Ẹ̀rọ tó ń fi iná ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fín ọnà àkọ́kọ́ wọ́n púpọ̀, a kò sì nílò láti rà á. A lè san owó fún ẹni tó ní i ní òkèèrè kó fín ẹyọ kan fún wa. Láti ara ẹyọ kan yẹn ni a óò ti máa fi iná mànàmáná kó níkẹ́ẹ̀lì lé e nínú omi kẹ́míkà. Nídìí dísíìkì, èyí àkọ́kọ́ tó bá jáde ni à ń pè ní bàbá, láti ara bàbá ni a ti ń yọ ìyá, láti ara ìyá ni àwọn tó ń wọ mọ́ọ̀dù ti ń jáde, ìyá kan sì ń bí púpọ̀. Iṣẹ́ tí ó sún mọ́ ti àwọn tó ń pa kúróòmù sí irin alùpùpù ni, ó kàn gba ìmọ́tótó àti sùúrù tó ju ti wọn lọ. Ẹ kọ́ ọ, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn onírọ́bà, kí wọ́n san owó wá gba àwo tiwọn.

Ìmọ̀ mìíràn ti wà nítòsí. CERD, ilé ìwádìí lórí agbára iná, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ní ẹ̀rọ tó lè fi ìtànṣán yẹ awọ tín-ín-rín wò, kó sọ bó ṣe nípọn tó àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní LAUTECH, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbàjé Lateef àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi èèpo obì àti òwú aláǹtakùn ṣe fàdákà oníwọ̀n nánómítà, wọ́n sì ti dá a pọ̀ mọ́ ọ̀dà kó lè máa pa kòkòrò àrùn. Irú àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ pè jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń gun òrùlé. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, bí ẹnikẹ́ni bá dábàá pé kí ẹ fi ásíìdì háídírófúlóríìkì fín gíláàsì nítorí pé ó rọrùn, ẹ má gbà. Ó ń wọ ara lọ sí eegun, ó sì ń pa ènìyàn. Ó dára kí a pẹ́ ju kí a sin ọmọ iṣẹ́.

Èyí tó ń kán mi lójú jù ni ti àwọn ènìyàn. Fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ dísíìkì. Àwọn ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́, mọ́ọ̀dù rẹ̀ tí wọ́n rọ dán bíi dígí, ẹ̀rọ tó ń pa alumíníọ̀mù sí i nínú òfìfo, àwọn onírin ń rà wọ́n ní ìwọ̀n kílò. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò ti di awakọ̀, ọlọ́jà àti onísólà bíi tèmi. Wọ́n ń dàgbà. Bí ẹ bá pè wọ́n ní ọdún yìí tàbí ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ ó ṣì rí wọn, ọwọ́ wọn ṣì mọ iṣẹ́ náà. Ẹ wá àwọn ẹ̀rọ tó ṣẹ́ kù kí wọ́n tó gé wọn tán, ẹ rà wọ́n ní iye irin, kí ẹ gbé ọ̀kan lọ sí Iléṣà. N óò wá fi bí wọ́n ṣe ń so àwo níkẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn han àwọn ọmọ yín, láìgba owó, àwọn mìíràn tí a jọ ṣiṣẹ́ nígbà náà sì ti sọ fún mi pé àwọn náà yóò wá.

Bí iṣẹ́ yìí kò bá bá ètò yín mu, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún wa ní gbangba bí mo ṣe kọ èyí ní gbangba, kí àwọn yunifásítì tàbí ìjọba ìpínlẹ̀ kan lè mọ̀ pé ilẹ̀ náà ṣí sílẹ̀ fún wọn. Bó bá bá a mu, ọyẹ́ tó ń bọ̀ kò jìnnà, pákó àti gíláàsì díẹ̀ ni a nílò láti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Onísólà kan ní Ìbàdàn